Ojú títì, òkè ilé wa, àbí òkè olójò dídì: níbo ni kí ẹ ti sá eré gígùn yín?

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí àwọn ọmọ Okùn tó wà lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí Kàbà, Ìsánlú, Mópà àti Ẹ̀gbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá bá mi. Ẹni tó ń múra eré orí òkè sílẹ̀ ní Switzerland tàbí Austria á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ lò nílé. Níbo ni mo ti lè sá eré gígùn mi tí ara mi ò fi ní dẹ̀?" Àwọn ọmọ ilé tí mo ń kọ́ ní eré sísá náà á bi mí ní ti wọn: "Tíṣà, bí ọ̀nà bá là tí a rí eré lọ sá níbi tí òjò dídì ti ń bọ́, ṣé ojú títì tí à ń sá yìí á tó?"

Mo ti sá a níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ìgbà tí mo wà ní girama ni mo ti ń sá ojú títì. Òkè Patti ní Lọ́kọ́jà àti àwọn òkè Ògìdì ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní oṣù Kejì ọdún kan, mo lọ kí àbúrò mi ní Innsbruck, ní ilẹ̀ Austria, ó sì mú mi jáde lọ sá eré gígùn lórí òkè tó funfun láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo wọn: ẹ má fi kìlómítà yan ibi tí ẹ ó ti sáré. Wákàtí ni kí ẹ fi yàn án, àti bí òkè ṣe pọ̀ tó lójú ọ̀nà, àti ohun tó lè ṣe yín léṣe níbẹ̀.

Kìlómítà kan kò jọra níbi gbogbo

Ẹ jẹ́ ká mú kìlómítà 14. Lójú títì tó tẹ́jú, wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ń sá a, tí ẹnu mi ṣì lè máa bá ẹni ẹ̀gbẹ́ mi sọ̀rọ̀. Kìlómítà 14 kan náà, bí mo bá ń gun Patti tí mo tún ń sọ̀kalẹ̀, ó ń lọ sí wákàtí méjì. Ní Austria, wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi sá a, a ò sì jókòó níbì kankan.

Ọ̀pọ̀ ìlànà ìgbaradì tí ẹ ó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kìlómítà ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀: Sátidé, kìlómítà 30. Ẹni tó bá gbé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ lọ sínú òjò dídì láìyí i padà, nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ ló ń wá yẹn. Ojúmọmọ wọn ní oṣù Kejìlá kò sì pé wákàtí mẹ́sàn-án. Òkùnkùn á bá a lórí òkè, òógùn á ti rin aṣọ rẹ̀, òtútù á sì máa pọ̀ sí i. Nítorí náà, mi ò kọ kìlómítà sínú ìwé àwọn ọmọ mi mọ́. "Wákàtí méjì ààbọ̀, Patti ẹ̀ẹ̀mejì": ohun tí wọ́n máa ń bá níbẹ̀ nìyẹn.

| | Ojú títì | Òkè Patti | Òkè olójò dídì |
|---|---|---|---|
| Kìlómítà 14 (tèmi) | wákàtí 1, ìṣẹ́jú 20 | bíi wákàtí 2 | wákàtí 3, ìṣẹ́jú 40 |
| Ibi tó ń dun èèyàn lọ́jọ́ kejì | eékún, àtẹ́lẹsẹ̀ | itan, níwájú | ìbàdí, ọrùn ẹsẹ̀ |
| Ohun tó léwu jù | mọ́tò | oòrùn, ìyọ̀ṣubú | òtútù, òjò dídì tó ń ya lulẹ̀ |
| Ẹni tó yẹ | ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ | ẹni tó ń múra eré òkè | ẹni tó ti mọ òkè, tó sì ní amọ̀nà |

Ojú títì

Mi ò ní bú ojú títì, nítorí òun ló tọ́ mi dàgbà. Ẹni tí kò tíì lè sáré fún wákàtí kan láìdúró kò ní iṣẹ́ kankan lórí òkè. Ojú títì ni yóò ti kọ́ bí wọ́n ti ń mí àti bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ déédéé, kó sì ti mọ bí a ṣe ń pa agbára mọ́ di ìparí. Ìwọ̀n tí mo ń lò rọrùn: bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí kí ẹ tó mí, ẹ ti ń sáré jù fún eré gígùn.

Wàhálà rẹ̀ ni pé ìgbésẹ̀ kan náà ni ẹ ó máa gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Iṣan kan náà, orí egungun kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́jà tún ní tirẹ̀: tírélà símẹ́ńtì ń lọ wọ́n ń bọ̀ ní ìhà Obajana, etí ọ̀nà kò sì fẹ̀ níbi púpọ̀. Èmi kì í gba ọmọ kankan láyè láti sáré níbẹ̀. Bó bá jẹ́ títì lẹ fẹ́, ẹ lo títì inú ìlú ní ìdájí, tàbí kí ẹ máa yí pápá ilé ẹ̀kọ́ po. Ó máa ń súni, mo mọ̀.

Òkè Patti, níbi tí mo ti fẹ́ kí ẹ lo àkókò yín jù

Patti ga tó nǹkan bíi mítà 458 sí ìtẹ́jú òkun. Ìsàlẹ̀ létí odò ni Lọ́kọ́jà fúnra rẹ̀ wà, nítorí náà ẹni tó bá gbéra láti ìsàlẹ̀ ìlú, tó sì dé orí òkè náà, ti gun nǹkan bíi mítà 400. Ọ̀nà ọlọ́dà tó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ ló gùn ún dé òkè, ẹ ò ní máa wá ibi tí ẹ ó fẹsẹ̀ sí.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la máa ń gbéra. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa ń tan èèyàn jẹ, nítorí ẹsẹ̀ ṣì fúyẹ́, atẹ́gùn sì tutù. Ẹ ó ti gba kọ́nà bíi mélòó kan kí èémí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Gìgísẹ̀ á kọ̀, kò ní fẹ́ kanlẹ̀ mọ́, iwájú ẹsẹ̀ nìkan ni ẹ ó máa fi tẹ ọ̀dà. Iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á le bí okùn tí wọ́n fà tán. Ibẹ̀ ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹ rìn." Ojú máa ń tì wọ́n. Wọ́n á máa wò mí bíi pé mo ní kí wọ́n jáwọ́. Ṣùgbọ́n lórí ibi tó ga gan-an, ẹni tó fọwọ́ lé itan tó ń rìn gbọnìn-gbọnìn kì í ná agbára tó ẹni tó ń tọ pẹ́pẹ́pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n á jọ dé òkè ni. Àwọn tó ń borí nínú eré òkè ńláńlá ní Yúróòpù náà ń rìn ní ibi tó ga. Ẹni tó bá kọ́ rírìn sórí Patti ti kọ́ ohun tó máa lò nínú òjò dídì ju ohun gbogbo lọ.

Bí ẹ bá dé òkè, oòrùn á ti máa yọ. Ẹ ó rí Ọya àti Bẹ́núè níbi tí wọ́n ti pàdé, omi méjèèjì ní àwọ̀ tirẹ̀, wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó gbà láti di ọ̀kan. Igi oṣè arúgbó kan wà níbẹ̀, àti ilé ìsinmi Lugard, ẹni tó fi Lọ́kọ́jà ṣe ibùjókòó ìjọba Àríwá ní ọdún 1900. Ẹ wò ó, ẹ mu omi, ẹ má pẹ́. Sísọ̀kalẹ̀ ni ẹ̀kọ́ gidi tó wà lórí òkè yìí.

Nígbà tí ẹ bá ń gòkè, iṣan itan yín ń sún kì. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ó ń nà gbọọrọ bó ti ń dá ara yín dúró kí ẹ má baà ṣubú, èyí ló sì ń fa ìrora tó máa ń dé lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ Patti fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní lè jókòó sórí àga láìfi ọwọ́ di nǹkan mú. Bó bá tún padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ìrora náà kò ní tó bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí iṣan ti kọ́gbọ́n. Kò sí ojú títì kankan tó lè kọ́ ọ ní èyí. Ìṣísẹ̀ kúkúrú, eékún tó rọ̀ díẹ̀, ojú níwájú díẹ̀, ẹ má tẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ wá jẹ́ kí n ṣe ìṣirò kan fún yín. Innsbruck wà ní mítà 574. Patscherkofel, òkè tó wà lókè orí ìlú náà, ga tó mítà 2,246. Àárín méjèèjì jẹ́ mítà 1,672: ẹni tó bá gun Patti lẹ́ẹ̀mẹrin ti gun tó bẹ́ẹ̀, ó kù díẹ̀. Eré UTMB, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, tó ń gbéra ní Chamonix tó sì ń yí Mont Blanc ká gba ilẹ̀ Faransé, Ítálì àti Switzerland, jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 170, òkè tí wọ́n ń gùn nínú rẹ̀ sì ń lọ sí mítà 10,000. Patti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò sí ibi tí a ti lè múra eré òkè sílẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Kogi, ẹ sọ ìṣirò yìí fún un.

Òkè Ògìdì àti yanrìn etí odò

Ògìdì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, jẹ́ ìlú tí àpáta yí ká. Ọ̀nà oko ni ẹ ó máa bá níbẹ̀, ilẹ̀ pupa, gbòǹgbò, òkúta tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó dára fún ọrùn ẹsẹ̀ ju Patti lọ, nítorí kò sí ìgbésẹ̀ méjì tó jọra. Ẹ má lọ síbẹ̀ nígbà òjò tí koríko bá ti ga kọjá ìbàdí, nítorí paramọ́lẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ń sun igbó, èéfín kò ní jẹ́ kí ẹ mí dáadáa. Ẹ dúró di ọjọ́ tí atẹ́gùn bá gbé e lọ. Mo fẹ́ràn Ògìdì gan-an, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ ní, Patti ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn.

Yanrìn wá ńkọ́? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi Ọya bá fà, yanrìn á yọ létí odò ní Lọ́kọ́jà. Ìṣẹ́jú ogún sí ọgbọ̀n lórí yanrìn rírọ̀ lẹ́yìn òkè ni ohun tó sún mọ́ òjò dídì jù lọ tí mo mọ̀ nílé. Ẹsẹ̀ á rì, ìgbésẹ̀ á yọ̀ sẹ́yìn, ìbàdí á sì máa ṣe iṣẹ́ tí kò mọ̀ pé òun lè ṣe. Bàtà ni kí ẹ wọ̀; ìgò fífọ́ pọ̀ níbẹ̀.

Òkè olójò dídì: ohun tí ilé ò lè kọ́ yín

A kúrò ní Igls, abúlé tó wà ní ẹsẹ̀ Patscherkofel, ní òwúrọ̀: èmi, àbúrò mi, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Kí a tó jáde, ọ̀rẹ́ náà ṣí fóònù rẹ̀, ó ka ìkìlọ̀ òjò dídì tí wọ́n ń gbé jáde lójoojúmọ́ ní Tirol, agbègbè tí Innsbruck wà, nígbà òtútù. Ìwọ̀n márùn-ún ni wọ́n ń lò, ìkarùn-ún ló léwu jù. Ọjọ́ náà wà ní ìkejì. Síbẹ̀, ó ní inú igbó, lójú ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ̀, ni a ó máa gbà, a ò ní dé ẹ̀gbẹ́ òkè tó lanu sílẹ̀. Òjò dídì tó bá ti kó jọ lórí ẹ̀gbẹ́ tó dagun tó ìwọ̀n (digírì) 30 sí 45 lè ya lulẹ̀ lójijì, kó sì gbé odindi èèyàn lọ. Àwọn tó ń gba irú ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá máa ń gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ibi tí èèyàn wà hàn sáyà, pẹ̀lú ọ̀pá ìwádìí àti ṣọ́bìrì, wọ́n sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àwa kò ní ìkankan, ìdí rèé tí a ò fi dé ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ dára. Ojú òjò dídì ti le láàárín òru, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ bàtà bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, mo ya ẹsẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sì rì dé eékún. Mo fà á yọ, ti òsì tún rì. Àbúrò mi yíjú padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sáré. Ẹ máa tẹ ibi tí mo bá tẹ̀." Ẹnu ẹni tí mo kọ́ ní eré sísá ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ lórí Patti. Mo ṣe ohun tó wí.

Bí a ti ń gòkè, òtútù ń pọ̀ sí i. Ní gbogbo mítà 1,000 tí èèyàn bá gùn, atẹ́gùn máa ń tutù sí i tó nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì mẹ́fà ààbọ̀. Èémí náà ń dín kù: ní ibi tó ga tó mítà 2,200, agbára afẹ́fẹ́ tó kù jẹ́ bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tí à ń mí ní Lọ́kọ́jà. Mo rò pé ó rẹ̀ mí ni; afẹ́fẹ́ ni kò tó. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí èyí nílé, àfi kí ẹ dé ibẹ̀ ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú, kí ẹ sì dín ìyára kù.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti omi. Mo gbé àpò omi olókùn rọ́bà sẹ́yìn. Òùngbẹ kò gbẹ mí rárá nítorí òtútù, n kò sì mu ún fún wákàtí kan. Nígbà tí mo wá fẹ́ mu, omi inú okùn náà ti di yìnyín, ó le bí ìgò. Ọ̀rẹ́ wa kọ́ mi pé bí èèyàn bá mu tán, kó fẹ́ afẹ́fẹ́ padà sínú okùn kí omi lè kúrò nínú rẹ̀, tàbí kó gbé ike omi sínú aṣọ, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Atẹ́gùn orí òkè yẹn gbẹ bí ọyẹ́ ilé wa. Èèyàn ń pàdánù omi bó ti ń mí, láìlàágùn tó ń kán. Ẹ ti rí i pé ọyẹ́ wúlò: ẹ fi òwúrọ̀ ọyẹ́ kọ́ ara yín láti máa mu omi ní ìṣẹ́jú ogún-ogún, bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ yín.

Kí a tó kúrò nílé, a ti ní àdéhùn: aago méjìlá, a ó yí padà, ibi yòówù kí a dé. Aago méjìlá lù, a lè rí orí òkè. A yí padà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sá eré gígùn kankan nínú òjò dídì láìní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Bàtà àti aṣọ

Lójú títì àti lórí Patti, bàtà eré tó ní tìmùtìmù tó. Fún Ògìdì, ẹ wá èyí tó ní eyín nísàlẹ̀. Ọjà òkìríkà lè fún yín ní bàtà eré tó dára gan-an, ṣùgbọ́n ẹ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ká a, ẹ fà á ní ẹ̀gbẹ́. Gọ́ọ̀mù bàtà tó ti pẹ́ nínú bálà máa ń gbẹ. Mo ra ọ̀kan nígbà kan tó rí bíi tuntun. Bí mo ti ń sọ̀kalẹ̀ Patti, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ya láti iwájú dé àárín, ó ń lanu bí ẹnu ọ̀nì ní gbogbo ìgbésẹ̀. Okùn koríko ni mo fi so ó dé ilé.

Fún òjò dídì, bàtà eléyín yẹn ṣì ni, kí ẹ ra á tóbi díẹ̀ kí ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn lè wọlé. Ibi tí yìnyín bá ti le, ẹ ó nílò ṣéènì onírọ́bà tó ní eyín irin, tí wọ́n ń fà wọ orí bàtà. Eyín bàtà nìkan kò lè dì mọ́ yìnyín.

Aṣọ òwú dára nílé. Níbẹ̀, ọ̀tá ni, nítorí bí òógùn bá ti rin ín, kì í gbẹ, ó sì ń fa ooru kúrò lára. Aṣọ tín-ín-rín tó ń gbé òógùn jáde ni kó wà sára, èyí tó ń mú ooru lé e, èyí tí atẹ́gùn kò lè wọ̀ sì wà lókè pátápátá. Ìbọ̀wọ́ méjì, fìlà tó bo etí, awò dúdú, nítorí oòrùn tó ń ta padà lára òjò dídì lè sun ẹyinjú. Bí ẹ bá ń gbéra, ó yẹ kí òtútù máa mú yín díẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti gbóná lẹ́nu ọ̀nà á làágùn jù lójú òkè. Fóònù náà, inú aṣọ ni kó wà. Òtútù máa ń jẹ bátìrì.

Oúnjẹ àti omi

Èèyàn nílò nǹkan bíi gíráàmù 30 sí 60 oúnjẹ afáralókun ní wákàtí kọ̀ọ̀kan bí eré bá ti kọjá wákàtí kan ààbọ̀. Dàbínù gbígbẹ kan ní tó gíráàmù márùn-ún tàbí mẹ́fà, nítorí náà mẹ́fà sí mẹ́wàá ní wákàtí kan ti tó, owó rẹ̀ ò sì sún mọ́ ti oúnjẹ inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà fún àwọn sárésáré. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni iṣu sísè, tí a gé wẹ́wẹ́, tí a wọ́n iyọ̀ sí. Iṣu wa kì í já èèyàn kulẹ̀. Ẹ má jẹ àkàrà lójú eré; òróró rẹ̀ á máa dà yín nínú rú.

Mo gbé iṣu lọ sí Austria. Nínú àpò ìta, ó le bí igi láàárín wákàtí kan. Dàbínù tó wà nínú àpò àyà, tó sún mọ́ ara, ni mo rí jẹ.

Fún omi nílé: lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà tí a gé lórí gẹ́rẹ́, ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀. Omi onísúgà-oníyọ̀ tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru náà ni. Ẹ má kàn máa da píọ̀ wọ́tà sínú léraléra láìsí iyọ̀, ó lè mú kí iyọ̀ ara dín kù dé ibi tó léwu.

Ooru, fún ẹni tó ń ti òtútù bọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fi òjò dídì sílẹ̀ lánàá, ẹ má fi ìyára tibẹ̀ sáré nílé. Ó máa ń gba ara ní ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kí ooru tó mọ́ ọn lára. Ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ dín in kù dé ìdajì, kí ẹ sì ti wọlé kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Èrè wà nínú rẹ̀: ara tó bá ti mọ ooru máa ń ní omi ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i, ẹ ó sì gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ padà lọ.

Ààbò

Ọ̀nà wa kò rí bó ṣe rí nígbà tí mo wà ní girama. Àwọn ajínigbé ti mú èèyàn lójú ọ̀nà àti nínú oko ní agbègbè wa, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí gan-an, nítorí ọ̀nà oko tí mo ti kọ́ eré sísá wà lára àwọn tí n kò lè mú ọmọ kankan gbà mọ́. Ẹ má dá sáré. Ẹ máa jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ sọ fún àwọn ọdẹ àti fijilanté ìlú kí ẹ tó jáde, ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà àti ìgbà tí ẹ ó dé. Ẹ má gba ọ̀nà kan náà ní aago kan náà lójoojúmọ́. Bí àwọn ará ìlú bá ní kí ẹ má lọ síbì kan, ẹ má lọ, kódà bó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹ ti ń sáré láti kékeré. Èyí nìkan ló tó kí n fi yan Patti ju igbó lọ: ìlú wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, èèyàn sì ń gùn ún.

Bí èmi ṣe máa pín in

Fún ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé tó sì ń padà sí eré òkè: ní ọ̀sẹ̀ kìíní, wákàtí kan ààbọ̀ lójú títì inú ìlú, kí ooru mọ́ ọn lára. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Patti ẹ̀ẹ̀mejì ní ìdájí Sátidé, kó rin ibi tó ga, kó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó wá fi ogún ìṣẹ́jú sá yanrìn. Kó fi ọjọ́ mẹ́ta sinmi itan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Patti ẹ̀ẹ̀mẹta, wákàtí mẹ́ta, kó má jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ márùn-ún ó kéré tán kó tó wọ bàálù. Bó bá débẹ̀, eré òjò dídì àkọ́kọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí kan ààbọ̀, lójú ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó mọ òkè náà.

Fún ọmọ ilé tí kò tíì rí òjò dídì rí: Patti lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ojú títì ní ọ̀sẹ̀ tó kù, fún oṣù mẹ́fà. Ẹsẹ̀ yín á ti ṣe tán. Òtútù nìkan ló kù, ibẹ̀ ni ẹ ó sì ti kọ́ ọ.

Kí ẹ tó di bàtà sínú báàgì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo ilẹ̀ pupa kúrò láàárín eyín rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dí i, kò ní di òjò dídì mú.